Irin Pẹlẹbẹ Tó Ń Dún Bí Agogo

Lẹ́yìn pátápátá nínú ọ̀kẹ́sírà, níbi tí àwọn onílù máa ń dúró sí, ohun èlò kan wà níbẹ̀ tó kéré débi pé ènìyàn kan lè gbé e há abíyá. Irin pẹlẹbẹ ọgbọ̀n ni wọ́n tò sórí férémù ní ìlà méjì, àwọn tó gùn lápá òsì, àwọn tó kúrú lápá ọ̀tún. Onílù á mú kọ̀ǹgọ́ kéékèèké méjì, á lu irin kan ṣoṣo. Fèrè ń dún lọ́wọ́, àwọn gòjé òyìnbó ń ké, ìlù ńlá ń dún kíkankíkan, síbẹ̀ ohùn irin kékeré yẹn á la gbogbo wọn já, á sì máa dún lọ lẹ́yìn tí ọwọ́ onílù ti kúrò níbẹ̀. Glockenspiel ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá dijú gbọ́ ọ yóò ní agogo ni wọ́n lù, bẹ́ẹ̀ kò sí agogo kankan níbẹ̀. Báwo ni irin pẹlẹbẹ, tí inú rẹ̀ kò ṣófo, tí kò lẹ́nu, tí kò sì láhọ́n, ṣe wá ń dún bí agogo?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ orúkọ kúrò nílẹ̀, torí pé ìtàn ohun èlò náà wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Jámánì ló ni ín. Glocken ni agogo tó ju ẹyọ kan lọ, Spiel ni eré. Nígbà tí orúkọ yìí bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Agogo idẹ gidi ni, èyí tí wọ́n so sínú ilé ìṣọ́ gíga ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti gbọ̀ngàn ìlú, tí wọ́n sì tò bí ohùn wọn ṣe ga sí kí wọ́n lè fi kọrin. Títí di òní olónìí, irú rẹ̀ ṣì wà. Ẹni tó bá dúró ní Marienplatz nílùú Munich ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ tàbí ní agogo méjìlá ọ̀sán yóò rí èrò tó gbójú sókè. Agogo 43 ló wà lórí gbọ̀ngàn ìlú níbẹ̀, pẹ̀lú ère 32 tó tó ènìyàn, tí wọ́n ń yípo bí agogo ti ń kọrin. Àwọn kan nínú ère náà ń ṣe ìgbéyàwó Duke Wilhelm Karùn-ún tó wáyé ní 1568, àwọn yòókù ń jó ijó àwọn tó ń kan àgbá. Rathaus-Glockenspiel ni wọ́n ń pe èyí náà. Orúkọ kan ṣoṣo ni ilé agogo tó ga fíofío àti àpótí irin tí à ń gbé há abíyá jọ ń jẹ́.

Ọ̀nà tí agogo gbà di irin pẹlẹbẹ kò le láti mọ̀. Agogo ṣòro í ṣe. Wọ́n ní láti yọ́ idẹ, kí wọ́n dà á sínú mọ́ọ̀dù, bó bá sì jáde tán ohùn rẹ̀ lè má bá ti ẹgbẹ́ rẹ̀ mu. Nílùú Zutphen ní ilẹ̀ àwọn Dọ́ọ̀ṣì, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tó ń rọ agogo, François àti Pieter Hemony, ṣe àwọn agogo kan ní 1644 tí ohùn wọn bára mu ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Jacob van Eyck, afọ́jú tó ń lu agogo nílùú Utrecht, ló tọ́ wọn sọ́nà. Etí ọkùnrin yìí yàtọ̀. Ó máa ń fé nítòsí agogo, bí ohùn fífé rẹ̀ bá ṣe déédéé ohùn kan nínú agogo náà, agogo á dá a lóhùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ọ̀nà yìí ló fi mọ̀ pé ohùn tó wà nínú agogo kan ṣoṣo ju ẹyọ kan lọ. Àwọn Hemony á wá máa gé inú agogo náà díẹ̀díẹ̀ títí àwọn ohùn yẹn yóò fi bára mu. Iṣẹ́ ńlá ni, owó ńlá sì ni. Ẹni tó fẹ́ gbé irú orin bẹ́ẹ̀ wọ inú ilé ní láti wá nǹkan tó fúyẹ́ ju idẹ wọ̀nyẹn lọ, ohun tí àwọn tó ń kan ohun èlò sì wá fàbọ̀ sí ni irin pẹlẹbẹ. Orúkọ agogo kò tìtorí ìyẹn kúrò lára rẹ̀.

Nígbà tí Mozart, ará Austria, ń kọ eré olórin rẹ̀ tó ń jẹ́ Die Zauberflöte, irin ló kọ sínú ìwé orin rẹ̀: ó ní kí wọ́n lo ohun èlò tí wọ́n fi irin ṣe. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án ọdún 1791 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré náà nílùú Vienna. Nínú rẹ̀, ọdẹ ẹyẹ kan tó ń jẹ́ Papageno ní agogo oògùn kan lọ́wọ́. Bó bá ti dún, àwọn ọ̀tá á bẹ̀rẹ̀ sí í jó dípò kí wọ́n mú un. Lójú ìran, òṣèré ló ń ṣe bí ẹni ń lù ú. Ẹlòmíràn ló wà lẹ́yìn aṣọ ìtàgé tó ń tẹ ohun èlò náà bí ẹni ń tẹ píánò. Ní oṣù kẹwàá, Mozart kọ lẹ́tà sí ìyàwó rẹ̀ pé lálẹ́ ọjọ́ kan òun lọ jókòó síbẹ̀ fúnra òun. Níbi tí Schikaneder, ẹni tó ń ṣe Papageno, ti dánu dúró díẹ̀, Mozart ṣàdédé fi ìka gba ohun èlò náà kọjá. Ara òṣèré fò, ó wo ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, ó rí i. Nígbà tó tún kan ibẹ̀, Schikaneder dúró de ohùn náà, Mozart kò lù ú. Ìgbà tó wá lù ú, òṣèré náà gbá agogo ọwọ́ rẹ̀, ó ní kó panu mọ́. Gbogbo ilé fẹ́rìn-ín. Mozart ní òun rò pé ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé Papageno kọ́ ló ń lu ohun èlò náà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo irin náà fúnra rẹ̀. Bí kọ̀ǹgọ́ bá bà á láàárín, àárín á tẹ̀ sísàlẹ̀, orí méjèèjì á gbé sókè. Ó kéré débi pé ojú kò lè rí i. Ṣùgbọ́n irin le, kì í gbà kí a tẹ òun kí òun sì dúró bẹ́ẹ̀. Á fà padà, á sáré kọjá ibi tó ti kúrò, àárín á wá yọ sókè, orí méjèèjì á wálẹ̀, á tún padà. Ohun tí a ń pè ní ìgbọ̀n nìyẹn. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ló ń ti afẹ́fẹ́ tó wà lára rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ń ti ara rẹ̀ títí dé inú etí wa. Iye ìgbà tó bá lọ tó bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni màá máa pè ní ìyára ìgbọ̀n. Bó bá ti pọ̀ tó ni ohùn ń ga tó. Nínú Glockenspiel ọ̀kẹ́sírà, irin tó gùn jù lọ ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 784 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó kúrú jù ní ìgbà 4,186. Ohùn ìkẹyìn yìí kan náà ni ẹ ó gbọ́ bí ẹ bá tẹ píánò níbi tó parí sí lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ẹ ti gun pákó tí wọ́n fi ṣe afárá sórí gọ́tà rí. Bí pákó bá gùn, bí a bá dé àárín rẹ̀, á tẹ̀, á máa gbé wa sókè gbé wa sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ gé pákó kan náà sí ìdajì, ẹ tún gun orí rẹ̀, kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mì mọ́. Kíkúrú pákó ti sọ ọ́ di líle. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí irin wa náà nìyẹn: bí a bá gé e kúrú, ara rẹ̀ á fúyẹ́ sí i, á sì tún le sí i, nǹkan méjèèjì á jọ mú kó máa sáré lọ sáré bọ̀. Okùn gìtá kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń fa okùn padà ni ẹ̀rọ tó fà á le, kì í ṣe líle ara rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fi ìka tẹ okùn gìtá mọ́lẹ̀ ní ìdajì, ohùn á kúrò ní dò kan bọ́ sí dò tó tẹ̀ lé e lókè. Bí ẹ bá gé irin pẹlẹbẹ sí ìdajì, á fò kọjá dò yẹn, á bọ́ sí dò tó tún wà lókè rẹ̀. Ìlọ́po mẹ́rin ni ìyára ìgbọ̀n rẹ̀ fi lé sí i.

Èyí ló jẹ́ kí ohun èlò náà kéré. Láti 784 dé 4,186, ìyára ìgbọ̀n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún àti ààbọ̀, síbẹ̀ irin tó gùn jù kò ju ìlọ́po méjì àti díẹ̀ èyí tó kúrú jù lọ. Bí irin náà bá nípọn tó mìlímítà 8, èyí tó gùn jù á wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 23, èyí tó kúrú jù ní nǹkan bíi 10. Fífẹ̀ irin kò yí bí ohùn ṣe ga tó padà. Nínípọn rẹ̀ ló ń yí i. Ẹni tó ń ṣe ohun èlò yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Bí ohùn bá lọ sílẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ lọ, á fi fáìlì ha orí irin kó lè kúrú díẹ̀. Bó bá sì ga jù, á yí irin dojú dé, á ha àárín abẹ́ rẹ̀ kó lè fẹ́lẹ́, ohùn á sì wálẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń hà á, ó ń lù ú, ó ń tẹ́tí, ó tún ń hà á.

Ibi tí irin fẹ̀yìn lé wá kù. Mo ní bí a bá lu irin láàárín, àárín á wálẹ̀, orí méjèèjì á gòkè. Bí apá kan bá ń gòkè tí apá kejì ń sọ̀ kalẹ̀, ó di dandan kí ibì kan wà láàárín wọn tí kò gòkè tí kò sì sọ̀. Méjì ni irú ibi bẹ́ẹ̀ lára irin kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní ojú ìdákẹ́. Bí ẹ bá pín gígùn irin sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, ojú ìdákẹ́ kọ̀ọ̀kan wà ní nǹkan bí ìdá 22 láti orí tó sún mọ́ ọn. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń gbé irin Glockenspiel lé, lórí okùn tàbí rọ́bà, ibẹ̀ náà sì ni ihò tí ìṣó gbà kọjá máa ń wà. Ohun tó bá fara kan irin níbòmíràn á máa gba ìgbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn á kú. Lójú ìdákẹ́, kò sí ìgbọ̀n tó pọ̀ láti gbà.

Ẹ lè dán an wò. Ẹ wá irin rọ́ọ̀dù tí àwọn bíríkìlà fi ń ṣe dẹ́kìn, kí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50. Ẹ wọn sẹ̀ǹtímítà 11 láti orí kọ̀ọ̀kan, ẹ so okùn mọ́ ibẹ̀, kí ẹ sì gbé e kọ́. Ẹ fi nǹkan líle lù ú láàárín, ẹ ó gbọ́ ohùn tó mọ́, tó sì ń dún lọ. Ẹ tún lù ú, kí ẹ fi ìka méjì di ibi tí ẹ so okùn mọ́ mú: ohùn náà kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù. Ẹ wá di àárín mú. Á kú lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní Glockenspiel lè wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sórí irin kan kó sì máa lù ú jẹ́jẹ́. Iyọ̀ á máa fò kúrò níbi tó ń gbọ̀n, á sì kó ara rẹ̀ jọ sójú ìdákẹ́ méjèèjì ní ìlà tó tọ́. Ará Jámánì kan, Ernst Chladni, ti fi irú ọgbọ́n yìí han ayé nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1787. Yanrìn ló lò, ó dà á sórí irin tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó fi ọ̀pá gòjé òyìnbó fa etí irin náà, yanrìn sì ya àwòrán ìgbọ̀n sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Agogo irin ilẹ̀ wa ń pa òfin kan náà mọ́. Ẹnu rẹ̀ ló ń gbọ̀n jù, ọrùn rẹ̀ tí alágogo dì mú kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mì, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ alágogo kì í fi í pa ohùn rẹ̀.

Gbogbo èyí ṣàlàyé bí irin ṣe ń dún. Kò tíì sọ ìdí tó fi ń dún bí agogo. Ìdáhùn náà wà nínú ohun tí van Eyck gbọ́. Irin kì í gbọ̀n lọ́nà kan ṣoṣo. Bó ti ń tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀ lódindi, ó tún ń wọ́ bí ejò nínú ara rẹ̀, apá kan sókè, apá kan sísàlẹ̀, ní ìyára tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Màá pe ohùn tó lọ sílẹ̀ jù ní ìyá ohùn, màá sì pe àwọn tó wà lókè rẹ̀ ní ọmọ ohùn. Nínú okùn gìtá, àwọn ọmọ ohùn máa ń wà ní ìlọ́po méjì, mẹ́ta, mẹ́rin ìyá wọn, láìlé láìdín. Etí wa á da gbogbo wọn pọ̀ di ohùn kan. Nínú irin pẹlẹbẹ, ọmọ ohùn àkọ́kọ́ wà ní nǹkan bí ìlọ́po 2.76 ìyá rẹ̀, èkejì ní nǹkan bí 5.4. Kò bára dọ́gba. Àwọn ohùn inú agogo náà kò tẹ̀ lé ìlọ́po okùn gìtá, àyàfi bí alágbẹ̀dẹ bá gé e kí díẹ̀ nínú wọn lè bára mu. Àìbáradọ́gba yìí ni etí wa fi ń dá ohùn irin mọ̀. Bí ó bá gbọ́ ọ, pẹ̀lú ohùn tó bẹ̀rẹ̀ lójijì tó sì pẹ́ kí ó tó lọ, á ní agogo ni. Lójú tèmi, ìdí tí kò fi sẹ́ni tó yọ orúkọ agogo kúrò lára ohun èlò yìí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ onílù ní Amẹ́ríkà pàápàá ṣì ń pè é ní agogo ọ̀kẹ́sírà.

Àwọn ọmọ ohùn yìí kì í pẹ́. Wọ́n á bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà tí kọ̀ǹgọ́ bá kan irin, wọ́n á sì kú kíákíá, ìyá ohùn nìkan á máa bá a lọ. Kọ̀ǹgọ́ ló ń pinnu bí wọ́n ṣe máa pọ̀ tó. Kọ̀ǹgọ́ tí orí rẹ̀ jẹ́ idẹ tàbí ike líle kì í pẹ́ lára irin. Bó ti bà á ló ti fò kúrò, nítorí náà kì í dí ìgbọ̀n tó yára lọ́wọ́. Kọ̀ǹgọ́ tí orí rẹ̀ rọ̀ á lẹ̀ mọ́ irin díẹ̀, àsìkò díẹ̀ yẹn sì ti tó láti pa àwọn ọmọ ohùn kí wọ́n tó jáde. Onílù tó mọṣẹ́ máa ń ní oríṣiríṣi nínú àpò rẹ̀.

Ìdí tó fi ń la ohùn ọ̀kẹ́sírà já wà nínú etí àwa fúnra wa. Ihò etí gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì ní ìyára ìgbọ̀n tirẹ̀, nítòsí 3,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn tó bá wọlé ní agbègbè yẹn, ihò etí á gbé e ga. Agbègbè yẹn sì ni Glockenspiel ń gbé. Ohùn rẹ̀ ga débi pé àwọn tó ń kọ orin sílẹ̀ fún un máa ń kọ ọ́ sí ibi tó lọ sílẹ̀ ní dò méjì, kó má baà kọjá orí ìlà ìwé orin lọ jìnnà. Igi kò lè dún pẹ́ bí irin. Fọ́nrán inú igi máa ń fa ara wọn, ìgbọ̀n á di ooru, ohùn á tán. Ìdí nìyẹn tí àwọn Mandé ní Mali àti Guinea fi ń so akèrègbè sábẹ́ igi bàláfóònù wọn kó lè ràn án lọ́wọ́. Irin Glockenspiel kò nílò akèrègbè kankan.

Ohun èlò yìí kò dúró sínú ọ̀kẹ́sírà nìkan. Ní 1924, Carl Orff, ará Jámánì tó ń kọ orin sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lórin ní Munich, nílé ẹ̀kọ́ tí òun àti Dorothee Günther jọ dá sílẹ̀. Karl Maendler ló ń kan ohun èlò fún un. Nígbà tó yá, ọ̀nà ìkọ́ni Orff dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé, Glockenspiel kékeré sì wà lára ohun tí wọ́n ń lò. A lè yọ irin tí ọmọ kò tíì nílò kúrò, kí ó ṣẹ́ ku bíi mẹ́ta péré níwájú rẹ̀, kó má lè ṣì í lù. Ohun tí wọ́n ń tà fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi káàkiri ọjà wa, tó ní irin aláwọ̀ oríṣiríṣi, ìran èyí ni. Sáílófóònù ni ọ̀pọ̀ ń pè é, ṣùgbọ́n igi ni sáílófóònù. Èyí tó bá jẹ́ irin, Glockenspiel ni.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan fún ọmọ tàbí fún kíláàsì yín, ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ tàn yín. Ẹ wo ibi tí irin kọ̀ọ̀kan fẹ̀yìn lé: kí ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gígùn rẹ̀ láti orí, tàbí kí ó lé díẹ̀. Ẹ fọwọ́ mi irin náà, kí ó lè mì díẹ̀ lórí ìṣó rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kàn án mọ́lẹ̀ gbọn-in, ẹ tú ìṣó náà díẹ̀, kí ẹ fi rọ́bà tàbí aṣọ tó rọ̀ sábẹ́ irin lójú ìdákẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì tún un lù. Ohùn tí ọmọ náà yóò gbọ́ yóò yàtọ̀ pátápátá.